Aṣọ Kì Í Sunkún

Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ọ̀sì Ṣówándé ránṣẹ́ sí Ìtòkú,
pé kí ọmọ tó bá ti pé mẹ́rin
wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ Ajé.
Láti ọjọ́ náà ni Ìbíyẹmí ti ń wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn,
nínú ooru Abẹ́òkúta yìí, tí àpáta pàápàá ń làágùn.
Ó wọ̀ ọ́ jẹun. Ó wọ̀ ọ́ sùn.
Ó ní òtútù ń mú òun.

Ẹ̀bi mi ni.
Lọ́dún tó kọjá, nígbà ibà,
mo sọ fún un pé, "Kò ní dùn ẹ́ rárá."
Ó dùn ún.
Bó ṣe ń ké, kò wo abẹ́rẹ́,
èmi ló ń wò.

Àwa náà ni a ń sọ pé abẹ́rẹ́ kéré,
kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Kí ló wá dé tí a fi ń fi ọmọdé tó bẹ̀rù rẹ̀ rẹ́rìn-ín?

Ọ̀sán Àìkú, mo mú un lọ bá ìyá mi ní ẹ̀yìnkùlé,
níbi tí wọ́n ti ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́,
wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí ẹní, òwú ń bẹ lẹ́nu wọn,
abẹ́rẹ́ ń wọ aṣọ funfun, ó ń yọ, ó ń wọ̀, ó ń yọ,
bí aláǹgbá ní pàlàpálá Olúmọ.

"Wá wò ó," ni ìyá mi wí.
"Ibi tí abẹ́rẹ́ yìí bá gbà kọjá,
tí mo fa òwú rẹ̀ le pinpin,
bí mo rì í sínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mẹ́fà,
aró á yí i ká títí, kò ní rọ́nà wọlé.
Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn.
Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, á rí ojú abẹ́rẹ́, á pẹ̀yìn dà."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ó parí.
Ìbíyẹmí fọwọ́ pa aṣọ náà, ó ronú.
"Ìyá àgbà, ṣùgbọ́n aṣọ kì í sunkún."

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu àgbà.
Ìyá mi yọ òwú lẹ́nu, wọ́n wo aṣọ orí itan wọn
bí ẹni pé ó ti ń sunkún láti ọjọ́ yìí
tí àwọn ò gbọ́.
Wọ́n ní, "Òótọ́ lo wí. Yóò dùn ẹ́, ọmọ mi.
Wo ìka mi."
Àtàǹpàkò òsì, tí aró ti wọ èékánná rẹ̀ lọ,
àpá kéékèèké kún ojú rẹ̀.
"Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í gún mi.
Màá pariwo 'Yéè!' Màá sì máa rán lọ."
"Ẹ máa ń pariwo?"
"Kí gbogbo agboolé gbọ́!"

Lọ́jọ́ Ajé, orí itan mi ló jókòó sí.
Nọ́ọ̀sì bi í pé apá wo.
"Òsì. Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun."
Ó fún àkísà àdìrẹ ìyá mi mọ́ ọwọ́,
ó wojú mi.
"Bàbá mi, ṣé ó máa dùn mí?"
Ọ̀fun mi gbẹ.
"Ó máa dùn ẹ́. Ká tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti tán."

Ení. Èjì.
"YÉÈ!"
Àwọn tó tò síta fò dìde.
Ó sunkún, mi ò ní purọ́ mọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tí abẹ́rẹ́ ti jáde tipẹ́,
tí wọ́n ti ń fi òwú nu ojú ibẹ̀,
ó fi ẹkún parí ìṣirò rẹ̀: "Ẹ̀ta."

Nírọ̀lẹ́, ó bọ́ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn.
Ó jókòó ti ìyá mi, ó ń wo abẹ́rẹ́ wọn
bí ẹni tó mọ ilé baba rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ yẹ̀. Ìyá mi mí sínú,
wọ́n fi ìka sẹ́nu.
Ìbíyẹmí gbé orí sókè.
"Ìyá àgbà," ó ní, "ẹ ò tíì pariwo."